Orí Kẹfà: Ìjà Òṣìṣẹ́ Láti Inú Ìwé Dé Inú Sinimá

Ọmọ Agbamu ni Adéyẹmí Afọláyan tí àwọn èrò ìwòran mọ̀ sí Ade Love. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí Òmù-Àrán jẹ́ olú rẹ̀ tí Èsìẹ́ sì wà nínú rẹ̀, ni Agbamu náà wà. Ní 1979, Ade Love gbé fíìmù kan jáde tí ó pè ní Ìjà Òmìnira. Ọ̀la Balógun ló darí rẹ̀. Inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí tó jáde ní 1969, ni wọ́n ti fa ìtàn rẹ̀ yọ. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ orí yìí. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá lọ sínú sinimá, ìtàn tó sì mú jẹ́ ti àwọn tó ń fi òógùn ojú wọn sin ẹni tí kì í san nǹkan kan fún wọn.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni orí yìí dá lé: ìwé nípa ìjà òṣìṣẹ́ tí wọ́n sọ di fíìmù, nílẹ̀ wa àti lẹ́yìn odi. Bí ẹ bá ka ìwé tán tí ẹ sì wo fíìmù rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu ni pé wọ́n ti yọ nǹkan kúrò. Dandan ni kí wọ́n yọ ọ́. Ìwé tí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ kan kà kò lè wọnú wákàtí méjì. Ìbéèrè tó lérè ju ìyẹn lọ ni èyí: nígbà tí fíìmù bá parí, ọwọ́ ta ni ìjà náà kù sí? Ṣé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, àbí ọwọ́ òṣèré kan ṣoṣo tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa wò?

Ta ni òṣìṣẹ́ nínú ìtàn wa?

Bí a bá dárúkọ ìjà òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, owó oṣù àti ìyanṣẹ́lódì ló ń sọ sí èèyàn lọ́kàn. Irú rẹ̀ kò ṣàì wáyé nílẹ̀ wa. Ní 1945, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ìfìwéránṣẹ́ àti ti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n gógó, owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ kàn jù nínú ìjà náà. Orúkọ rẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ fi sọ iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin. Kò pẹ́ tí Hubert Ògúndé fi sọ ìyanṣẹ́lódì náà di eré tí ó pè ní Strike and Hunger, àwọn aláṣẹ sì fòfin dè é ní Jos. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, Ògúndé tún fi Bread and Bullet sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orí ìtàgé ni ìjà òṣìṣẹ́ alówó-oṣù ti ráyè sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe inú ìwé ìtàn àròsọ. Rẹ́rẹ́ Rún, iṣẹ́ tí mo gbà pé ó jinlẹ̀ jù lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní èdè wa, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1973, eré onítàn ni. Ẹni tó bá ti ka bí nǹkan ṣe dojú rú fún Láwúwo, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wà kí owó oṣù tó dé, ìjà lórí iṣẹ́ náà sì ti wà. Bí àgbẹ̀ mẹ́fà bá jọ dá àáró, oko ẹnì kìíní ni wọn yóò lọ lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀ de àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́. Kò sí ìrẹ́jẹ nínú méjèèjì. Ìwọ̀fà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: oko olówó ni yóò máa lọ títí a ó fi rówó san, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Èyí tó wá wúwo jù ni ìsìn, tí odindi ìlú ń ṣe fún ìlú tó ṣẹ́gun wọn. Iṣu, ẹran, owó ẹyọ àti koríko ẹṣin ni wọn yóò máa kó lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá máa roko bàbá wọn ni yóò sì rù ú débẹ̀.

Kò sídìí tí ọ̀rọ̀ ìsìn yóò fi ṣàjèjì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Agbamu wà. Àwọn ìlú Ìgbómìnà mọ ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin, wọ́n mọ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, wọ́n sì wà nínú Èkìtì Parapọ̀ tó dìde sí Ìbàdàn ní 1878. N kò sọ pé ìdí nìyí tí ọmọ Agbamu kan fi mú ìwé Fálétí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ní ilẹ̀ yìí, àwọn tó jókòó wo fíìmù náà ní bàbá ńlá tó ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin di Ìjà Òmìnira

Nínú ìwé Fálétí, àwọn ará Òkè-Ògùn ń sin Olúmokò. Ìsìn náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àṣà lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ẹni pé Ọlọ́run ló pàṣẹ rẹ̀. Àjàyí àti àwọn tó fara mọ́ ọn ni wọ́n sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí Fálétí lò ló mú kí ìwé yìí yàtọ̀: kò fi gbogbo ìtàn náà sí ẹnu ẹnì kan. Àjàyí yóò sọ tirẹ̀ dé ibì kan, ẹlòmíràn yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, a ó sì tún gbọ́ apá tí Àjàyí kò sí níbẹ̀. Ìgbékalẹ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún wa pé ìjà yìí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ó ṣòro kí sinimá ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ni asọ̀tàn níbẹ̀, ibi tí ó bá sì kọjú sí ni ọkàn wa ń lọ. Òǹkọ̀wé lè kọ ọ́ pé gbogbo ìlú tú jáde, gbólóhùn kan péré ti tó. Lójú fíìmù, ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú tú jáde gbọ́dọ̀ wá èèyàn tó ní ẹsẹ̀, kó wá aṣọ sí wọn lọ́rùn, kó wá oúnjẹ fún wọn ní ọ̀sán, kó sì tún ya àwòrán náà kí oòrùn tó wọ̀.

Ibí yìí ni a ti rí àǹfààní ẹgbẹ́ eré alárìnjò. Ade Love wọ ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ní 1966, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ ọba lálẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ru àpótí aṣọ sínú ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ń lùlù ló ń bá wọn to àga, aya olórí ẹgbẹ́ ló ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ni yóò tún ṣe ìyá ọmọ nínú eré. Òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, ìlú dé ìlú sì ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣe fíìmù nípa àwọn tí ẹlòmíràn ń jẹ̀gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọn kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí ẹrù ṣe ń wọni lọ́rùn.

Owó ni ìṣòro. Orí fíìmù onírìbọ́ǹ ni wọ́n ń ya àwòrán sí nígbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ fọ̀, bí ó bá sì padà dé, olówó rẹ̀ náà ni yóò máa gbé e káàkiri gbọ̀ngàn àti ilé sinimá. Ẹni tó ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú kan tí èrò yóò tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Àjàní Ògún, tí Ọ̀la Balógun darí ní 1976, ti sọ Ade Love di irú ojú bẹ́ẹ̀: nínú rẹ̀ ni a ti rí ọ̀dọ́ ọdẹ kan tó ń bá olóṣèlú olówó fà á lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé Ìjà Òmìnira dé, orúkọ Ade Love ni èrò ń bá bọ̀, ṣáájú orúkọ Fálétí, ṣáájú orúkọ ẹ̀dá ìtàn kankan.

Ẹ wá wo àkọlé. Ìwé pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹnì kan. Fíìmù yọ ọmọ náà kúrò, ó fi ìjà sí ipò rẹ̀. Mo ka èyí sí ìpinnu tó lágbára jù tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ náà. Ojú gbajúmọ̀ òṣèré ń fa ìjà náà sọ́dọ̀ ẹnì kan, àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ń fà á padà sọ́dọ̀ gbogbo ìlú. Ìwé tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ẹnu gba orúkọ ẹnì kan. Fíìmù tó gbé ojú ẹnì kan síwájú gba orúkọ tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí méjèèjì fi rí bẹ́ẹ̀ ti lóye ìdajì orí yìí.

Nígbà tí òpin ìtàn bá yí padà

John Steinbeck kọ The Grapes of Wrath ní 1939. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni John Ford sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn ìdílé Joad ni. Ọ̀dá àti katakata lé wọn kúrò lórí oko ní Oklahoma, wọ́n kẹ́rù sínú ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n sì dorí kọ California nítorí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ èso kíká pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá a pọ̀ ju ohun tó wà lọ. Bí ẹnì kan bá kọ owó táṣẹ́rẹ́, ọgọ́rùn-ún mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀ tí ebi ń pa ọmọ wọn. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn alágbàṣe ṣe ń dúró ní oríta láàárọ̀ de ẹni tí yóò gbé wọn lọ sóko mọ ohun tí Steinbeck ń sọ.

Nínú ìwé, ìdílé yìí kọ́kọ́ dé àgọ́ ìjọba kan tí omi wà, tí ilé ìwẹ̀ wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń ṣàkóso rẹ̀. Iṣẹ́ kò sí nítòsí, wọ́n ní láti kúrò, wọ́n sì bá ìyanṣẹ́lódì àti ikú pàdé ní oko ibi tí wọ́n ti ń ká èso. Òjò àti omíyalé ni ìwé náà parí sí, inú abà ni ìyókù ìdílé sá sí, ọmọbìnrin ìdílé náà tí ọmọ tuntun rẹ̀ kú sì fi ọmú rẹ̀ gba ẹ̀mí ọkùnrin àjèjì kan là tí ebi fẹ́ pa. Fíìmù yí ètò yìí po. Oko tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n wá gbé àgọ́ ìjọba tó tura sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìyá parí rẹ̀, pé àwa mẹ̀kúnnù kò ní run. Oko àti àgọ́ kan náà ni, ipò wọn ló yàtọ̀. Ẹni tó ka ìwé yóò dìde pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó wo fíìmù yóò lọ sílé pẹ̀lú ìrètí. Ìrètí kò burú, mo sì fẹ́ràn fíìmù náà gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣàìrí i pé wọ́n ti gba ìjà lọ́wọ́ àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ìyá tó ní ìfaradà lọ́wọ́.

Síbẹ̀, fíìmù yìí ní ohun kan tí ìwé kò lè ṣe. Ní òru tí wọ́n fẹ́ kúrò nílé, ìyá náà, tí Jane Darwell ṣe, jókòó ti iná, ó ń tú àpótí kékeré kan. Ó ń wo àwọn lẹ́tà àtijọ́, ó ń jù wọ́n síná. Ó kan yẹtí kan, ó gbé e sétí ọ̀tún àti tòsì, ó sì ń wo òjìji ara rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Kámẹ́rà dúró tì í, kò kánjú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, a ti mọ̀ pé obìnrin yìí ti jẹ́ ọmọge rí, àti pé iṣẹ́ àti òṣì ti gba ìyẹn lọ. Darwell gba ẹ̀bùn Oscar fún ipa náà, Ford sì gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí.

Germinal, ìwé Émile Zola tó jáde ní 1885 lórí àwọn awakùsà èédú ilẹ̀ Faransé, ti di fíìmù lọ́pọ̀ ìgbà: 1913, 1963 àti 1993 wà lára wọn. Nínú ti 1993 tí Claude Berri darí, Gérard Depardieu, gbajúmọ̀ òṣèré tí gbogbo èèyàn wá wò, ni Maheu, ọ̀kan nínú àwọn awakùsà náà, ìbọn àwọn sójà sì pa á kí fíìmù tó parí. Aya rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò èédú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rántí Iva Valley kò ní wo ibi tí ìbọn ti ń dún yẹn bí ìtàn ilẹ̀ òkèèrè.

Sembène: òṣìṣẹ́ èbúté tó di olùdarí fíìmù

Sembène Ousmane ará Senegal kò kọ́ ìjà òṣìṣẹ́ nínú ìwé. Ó rẹrù ní èbúté Marseille, ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1956, sì dá lórí òṣìṣẹ́ èbúté aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó rí i pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka Faransé, ó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Moscow ní ọdún 1962, lọ́dọ̀ Mark Donskoy. Donskoy yìí ti sọ Ìyá, ìwé Maxim Gorky lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, di fíìmù ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ẹ rí i bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

La Noire de..., tó jáde ní 1966, láti inú ìtàn kúkurú tí Sembène fúnra rẹ̀ kọ ni ó ti wá. Diouana jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Dakar, àwọn ọmọ òyìnbó kan ló ń tọ́jú. Wọ́n mú un lọ sí Antibes ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó débẹ̀, iṣẹ́ ọmọ títọ́ di oúnjẹ sísè, ilé gbígbá, aṣọ fífọ̀ àti balùwẹ̀ fífọ̀. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìjáde, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níkẹyìn. Ìtàn kúkurú náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkú rẹ̀, tí àwọn agbófinró ti dé, ó sì parí sínú ìwé ìròyìn, ní igun kan tí ojú kò tètè rí. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni Diouana bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn náà ló parí sí.

Fíìmù kọ̀ ọ́. Orí ìbòjú onígi kan tí Diouana ti fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Dakar ni Sembène gbé òpin ìtàn kà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin òyìnbó náà gbé ẹrù rẹ̀, ìbòjú náà àti owó oṣù rẹ̀ padà wá sílé ìyá rẹ̀. Ìyá kọ owó náà. Ọmọdékùnrin kan mú ìbòjú, ó fi bo ojú, ó sì ń tẹ̀ lé òyìnbó náà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ń yára, ó ń bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà kò dúró. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú fíìmù yìí, kò sí ìyanṣẹ́lódì, síbẹ̀ owó oṣù tí ìyá kọ̀ yẹn ni ìdáhùn tó le jù tí mo tíì rí nínú sinimá sí ẹni tó rò pé òun ti san gbèsè.

Ìwé Sembène tó lókìkí jù lórí ìjà òṣìṣẹ́, Les bouts de bois de Dieu, jáde ní 1960. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Dakar sí Niger ló dá lé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1947 tí kò sì parí títí di oṣù Kẹta 1948. Sembène fi ohun tó ju ogójì ọdún lọ ṣe fíìmù, kò sì sọ ìwé yìí di fíìmù rí. Owó ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti tó ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ìwé náà. Bakayoko, aṣáájú ìyanṣẹ́lódì, kì í fara hàn títí ìtàn yóò fi lọ jìnnà. Orúkọ rẹ̀ ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ìṣe àwọn obìnrin tí omi àti oúnjẹ ti tán nílé wọn ni a sì ń wò, títí wọ́n fi fẹsẹ̀ rìn láti Thiès lọ sí Dakar. Olùdarí tí yóò bá ṣe fíìmù ìwé yìí bó ṣe rí gbọ́dọ̀ lè sọ fún òṣèré rẹ̀ tó gbówó lórí jù pé kó jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, kí kámẹ́rà lè dojú kọ àwọn tó ń pọnmi.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ mú ibi kan nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí ó ju ẹnì kan lọ tó dá sí ọ̀rọ̀ ìsìn. Ẹ kọ ọ́ ní ìgbékalẹ̀ fíìmù, kí ẹ sì fi hàn ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń sọ̀rọ̀.

2. Ẹ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà ní àdúgbò yín, ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Agbamu tàbí ibòmíràn, lórí fíìmù Ade Love tí wọ́n wò nígbà èwe wọn. Níbo ni wọ́n ti wò ó? Èló ni wọ́n san? Kí ni wọ́n rántí jù, ṣé ìtàn, orin, àbí òṣèré? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà tí wọ́n fi sọ ọ́.

3. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ Rẹ́rẹ́ Rún di fíìmù, ìṣẹ̀lẹ̀ wo ni ẹ ó fi parí rẹ̀? Ẹ ṣàlàyé ẹni tí ìjà náà yóò kù sí lọ́wọ́ bí ẹ bá parí rẹ̀ síbẹ̀.

4. Nínú Taxi Driver tí Ade Love ṣe ní 1983 àti Borom Sarret tí Sembène ṣe ní 1963, awakọ̀ ló wà nínú ọ̀kan, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó èrò ló wà nínú èkejì. Kò sí èyí tó wá láti inú ìwé nínú méjèèjì. Ẹ wá ọ̀kan wò, kí ẹ sì kọ ojú ìwé méjì bí ẹni pé ìwé ìtàn àròsọ ni: kí ni ẹ lè sọ nípa ọkùnrin náà tí kámẹ́rà kò lè rí?